Bí a ṣe ń fi iṣẹ́ sákíìtì analog lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, láti àlàkalẹ̀ títí dé layout

Ẹni tó ń ṣe sákíìtì digital ti bọ́ nínú làálàá tipẹ́. Yóò kọ ohun tó fẹ́ ní èdè Verilog, kọ̀ǹpútà yóò bá a yan gate (ẹyọ sákíìtì kékeré), yóò tò wọ́n síbi tó yẹ, yóò sì fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń ṣe analog ṣì jókòó ti ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ó ń fẹ tiransísítọ̀ kan díẹ̀, ó ń wo gain (iye ìgbà tí àmì fi ń pọ̀ sí i), ó ń dín òmíràn kù, ilẹ̀ sì ń ṣú. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀. Ètò IDAC ti wà láti ọdún 1987. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ṣe KOAN àti ANAGRAM II ní Yunifásítì Carnegie Mellon láti máa to layout analog, ìyẹn àwòrán bí nǹkan á ṣe wà lórí chip. Ní 2001, Hershenson, Boyd àti Lee fi hàn pé a lè kọ ìṣirò op-amp (sákíìtì tó ń sọ àmì kékeré di ńlá) lọ́nà tí kọ̀ǹpútà á fi rí ojútùú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣì wà.

Ìdí rẹ̀ ò farasin. Ohun tó ń mú sákíìtì analog ṣiṣẹ́ dáadáa, apá kan rẹ̀ wà nínú ìwé, apá kejì wà nínú orí ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í kọ ọ́ síbì kankan pé tiransísítọ̀ méjì tó jẹ́ ìbejì gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà lórí chip. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń ṣe é ni. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ analog lé e lọ́wọ́, kíkọ nǹkan sílẹ̀ ló máa gba àkókò rẹ jù, kì í ṣe yíyan algọ́rídímù. Ibẹ̀ ni èmi náà máa pẹ́ sí jù.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa mú lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: op-amp onípele méjì tó ní kapásítọ̀ Miller, èyí tó so ìjáde ìpele kejì mọ́ ìwọlé rẹ̀ kí op-amp lè dúró ṣinṣin. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti tó: Xschem fún yíya sákíìtì, ngspice fún àdánwò, Python fún dídarí gbogbo rẹ̀, Magic àti KLayout fún layout, Netgen fún fífi layout wé sákíìtì. Àwọn model tiransísítọ̀ tí mo fi ń ṣàlàyé ni ti SKY130, ìlànà 130 nm tí SkyWater àti Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2020. Bó bá jẹ́ GF180MCU tàbí SG13G2 ti IHP ní Jámánì lo ní lọ́wọ́, ìgbésẹ̀ kan náà ni, orúkọ tiransísítọ̀ àti fọ́ltéèjì nìkan ló máa yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ ohun tí o fẹ́ ní nọ́ńbà

"Op-amp tó yára, tí kì í jẹ iná" kì í ṣe àlàkalẹ̀. Èyí ni àlàkalẹ̀: fọ́ltéèjì 1.8 V, ẹrù tó máa gbé jẹ́ kapásítọ̀ 5 pF, gain kò gbọ́dọ̀ dín sí 60 dB, GBW (frequency tí gain ti já sí 1) kò gbọ́dọ̀ dín sí 10 MHz, phase margin (àlàfo tó ń jẹ́ kí op-amp dúró ṣinṣin) kò gbọ́dọ̀ dín sí ìwọ̀n 60, slew rate (bí ìjáde ṣe ń yára yí padà tó) kò gbọ́dọ̀ dín sí 10 V/µs, agbára tó ń jẹ kò gbọ́dọ̀ ju 400 µW lọ, bó bá sì ṣeé ṣe, kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣàkíyèsí pé ohun kan ṣoṣo, agbára, la ní kí kọ̀ǹpútà máa dín kù títí. Gbogbo ìyókù jẹ́ ààlà tí a ó ti kọjá tàbí tí a kò tíì kọjá. Ẹni tó bá ní kí ohun márùn-ún dára jù lọ lẹ́ẹ̀kan náà á gba àkójọ èsì gbọọrọ, yóò sì tún padà wá máa fi ojú ara rẹ̀ yan ọ̀kan. Ìyẹn náà wúlò, àwọn algọ́rídímù bíi NSGA-II sì wà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, lọ sí apá kejì àlàkalẹ̀ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ. Ṣé gbogbo tiransísítọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní saturation, ipò tí kọ́ráǹtì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́? Mélòó ni kí VDS (fọ́ltéèjì láti drain sí source) fi ju VDSAT (ibi tí saturation ti bẹ̀rẹ̀) lọ? Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 50 mV. Láti fọ́ltéèjì wo dé èwo ni àmì tó ń wọlé á ti máa rìn? Àyè wo ni sákíìtì náà lè gbà lórí chip? Ooru láti ibo dé ibo? Bí a bá kàn fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ pé ẹni gbogbo ló mọ̀ ọ́n, wàhálà ti dé, torí pé ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á tà á láti fi ra èyí tí o kọ. Nígbà kan tí mo gbàgbé láti kọ àyè sílẹ̀, gígùn M5, tiransísítọ̀ tó ń pèsè kọ́ráǹtì fún ìpele kìíní, lọ dúró sí 20 µm, níbi tí mo ti fi ààlà sí gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gba owó àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ máa ṣọ́ ọ ná fún?

Ìgbésẹ̀ kejì: fọwọ́ ara rẹ yan sákíìtì, kí o sì so àwọn ìbejì pọ̀

Àwọn ètò kan wà tó máa ń gbìyànjú láti yan irú sákíìtì fúnra wọn. Fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ya sákíìtì náà fúnra rẹ, kí o wá fi orúkọ dípò gbogbo nọ́ńbà inú netlist, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà sákíìtì àti bí wọ́n ṣe so pọ̀.

Nínú op-amp wa, M1 àti M2 ló ń gba àmì, M3 àti M4 ni dígí kọ́ráǹtì tó dojú kọ wọ́n, M5 ń pèsè kọ́ráǹtì fún ìpele kìíní, M6 ló ń ṣiṣẹ́ ní ìpele kejì, M7 ń bọ́ ọ, M8 ń gba kọ́ráǹtì láti ìta kó tó pín in fún M5 àti M7. Tiransísítọ̀ mẹ́jọ, W (fífẹ̀) àti L (gígùn) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 16. Fi kapásítọ̀ Cc, résísítọ̀ Rz àti kọ́ráǹtì ìpìlẹ̀ kún un, ó di 19.

Má gbé nǹkan 19 fún kọ̀ǹpútà. Ìbejì ni M1 àti M2, orúkọ kan náà ni kí wọ́n jẹ́. Bákan náà ni M3 àti M4. M5, M7 àti M8 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà tiransísítọ̀ kékeré kan náà, kó jẹ́ iye ẹ̀dà nìkan ló yàtọ̀. M6 ní tirẹ̀ kò yẹ kí a wá rárá, ìṣirò ló ń bí i: bí W/L ti M6 bá jẹ́ ìlọ́po k ti M3, tí M7 sì jẹ́ ìlọ́po j ti M5, k gbọ́dọ̀ jẹ́ 2j. Bí èyí bá yẹ̀, offset (àṣìṣe fọ́ltéèjì ní ẹnu ọ̀nà ìwọlé) á ti wọ sákíìtì náà kí àìdọ́gba ilé-iṣẹ́ tó dé rárá. Fi L kan náà fún M3, M4 àti M6, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tó kù ni W àti L ti M1, W àti L ti M3, W àti L ti ẹ̀dà M5, j, Cc, Rz àti kọ́ráǹtì ìpìlẹ̀. Mẹ́wàá. Bí o bá rò pé mẹ́wàá kéré tó láti kàn máa dán gbogbo rẹ̀ wò, ṣírò ó: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní iye mẹ́wàá péré tó lè gbà, tí àdánwò kan sì gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, iṣẹ́ náà á gbà ju ọdún 150 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣe ìṣirò ọwọ́ kí o tó pe kọ̀ǹpútà

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ òótọ́, kì í pẹ́ débẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó, ó lè máà jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí o nílò ni àtẹ gm/ID: ID ni kọ́ráǹtì tiransísítọ̀, gm sì ni bí kọ́ráǹtì náà ṣe ń dáhùn sí fọ́ltéèjì gate. Gbé tiransísítọ̀ kan ṣoṣo sínú ngspice, máa gbé VGS (fọ́ltéèjì láti gate sí source) sókè díẹ̀díẹ̀ fún oríṣiríṣi L, kí o sì kọ gm, ID, gds (bí kọ́ráǹtì ṣe ń dáhùn sí VDS) àti kapásítọ̀ gate sílẹ̀. Láti inú rẹ̀, ya àwòrán gm/ID sí kọ́ráǹtì fún µm fífẹ̀ kan, àti gm/gds sí gm/ID. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa ṣe èyí fún PDK kan (àkójọ fáìlì ìlànà ilé-iṣẹ́ chip, bíi SKY130), o ó sì máa lò ó títí. Iye gm/ID ló ń sọ irú ìwà tí tiransísítọ̀ ń hù: tó bá ti ju 20 lọ fún fọ́ltì kan, kì í jẹ iná púpọ̀ ṣùgbọ́n ó tóbi, ó sì lọ́ra; tó bá wà ní 10 sísàlẹ̀, ó yára ṣùgbọ́n iná á dùn ún.

Wá mú àlàkalẹ̀ wa. Fún phase margin 60, Cc kò gbọ́dọ̀ dín sí nǹkan bí 0.22 ìlọ́po ẹrù, ìyẹn 1.1 pF. Mú 1.5 pF. GBW jẹ́ gm1 tí a pín sí 2π × Cc, nítorí náà gm1 = 2π × 10 MHz × 1.5 pF, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 94 µS. Slew rate jẹ́ kọ́ráǹtì M5 tí a pín sí Cc: 10 V/µs × 1.5 pF fún wa ní 15 µA, tó túmọ̀ sí 7.5 µA fún M1 àti 7.5 µA fún M2. gm/ID ti M1 wá jẹ́ 94 sí 7.5, ìyẹn nǹkan bí 12.6. Ibi tó dára nìyẹn, kò le jù, kò rọ̀ jù. Lọ sínú àtẹ, wo kọ́ráǹtì fún µm kan ní 12.6, pín 7.5 µA sí i, W1 ti dé.

Fún ìpele kejì, jẹ́ kí gm6 tó ìlọ́po mẹ́wàá gm1, ìyẹn 942 µS. Pẹ̀lú gm/ID 10, kọ́ráǹtì rẹ̀ jẹ́ 94 µA, tí j fi jẹ́ nǹkan bí 6. Pole kejì (frequency tí ìpele kejì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra) á wà ní gm6 tí a pín sí 2π × 5 pF, ní 30 MHz. Ní 10 MHz, pole yìí á gba nǹkan bí ìwọ̀n 18 lọ́wọ́ wa, zero (ibi tí àmì tó gba inú Cc kọjá ti ń ba phase jẹ́) á gba nǹkan bí 6, 66 ló kù nínú 90. Gbogbo kọ́ráǹtì jẹ́ 109 µA, agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 µW láìka M8. Ìdajì ohun tí a gbà láàyè nìyẹn.

Bí ìṣirò ọwọ́ bá sọ fún ọ pé agbára á di 3 mW, má wulẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Sákíìtì tí o yàn ni kò tọ́, kò sì sí algọ́rídímù tó máa fi ìwásókèsódò sọ ọ́ di òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: testbench tí kì í parọ́

Bí mo bá ní ká dúró síbì kan, ibí ni. Kọ̀ǹpútà kì í rí op-amp rẹ, nọ́ńbà tí testbench, ìyẹn sákíìtì àti àṣẹ tí a fi ń dán op-amp wò, ń kà fún un nìkan ló ń rí. Bí nọ́ńbà náà bá ní ihò kékeré kan, á rí ihò yẹn kó tó rí op-amp tó dára.

Ṣe testbench mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún ipò DC, ọ̀kan fún AC, ọ̀kan fún ìrìn àmì ńlá. Fún AC, dá àmì ìjáde padà sí ẹnu ọ̀nà ìwọlé pẹ̀lú inductor tó tóbi gan-an, kí o fi kapásítọ̀ ńlá so ẹnu ọ̀nà kan náà mọ́ ilẹ̀, kí DC lè dúró dáadáa bí AC ṣe rí ọ̀nà tó ṣí. Pe ngspice pẹ̀lú àṣẹ `ngspice -b`, lo `meas` láti wá ibi tí gain ti kan 0 dB, kí Python máa ka èsì láti inú fáìlì tó jáde.

Ìwọ̀nyí ni ihò tí mo ti já sí tàbí tí mo ti rí kí ẹlòmíràn já sí. Phase tí ngspice máa ń fúnni, radian ni, àfi bí o bá kọ `set units=degrees`. Bí o kò bá kọ ọ́, phase margin gbogbo sákíìtì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgọ́sàn-án, inú kọ̀ǹpútà á dùn, tìrẹ náà á dùn, títí o ó fi wo àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ. Gain tó bá kan 0 dB, tó tún gòkè, tó tún padà kàn án, ibi tó kàn kẹ́yìn ni o gbọ́dọ̀ kà. Bí kò bá kàn án rárá, `meas` á ní ó kùnà. Rí i pé Python gbà á gẹ́gẹ́ bí ìkùnà, kì í ṣe òfo. Kọ́ráǹtì M8 wà lára agbára, má jẹ́ kó máa jẹun ọ̀fẹ́. Testbench slew tí àkókò rẹ̀ kúrú á yin op-amp tí àmì rẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Fún SKY130 ní pàtàkì: W àti L kì í gba ẹyọ. `w=5 l=0.5` ni a ń kọ, PDK ló mọ̀ pé µm ni; bí o bá kọ `w=5u`, o ti ń wá tiransísítọ̀ tó kéré ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan, ngspice á sì dá ọ lóhùn pé òun kò rí model tó bá a mu. Èsì kan náà lo máa rí bí W tàbí L bá bọ́ sí ìta ibi tí model ti mọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ ni kí o fi W fínńgà kan (ẹyọ kékeré tí a ń tò pọ̀ di tiransísítọ̀) sójú kan, kí kọ̀ǹpútà sì máa yí iye ẹ̀dà. Layout á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ tó bá yá.

Kí o tó tẹ̀síwájú, gbé iye tí o ṣírò lọ́wọ́ sínú testbench, kí o wo gbogbo àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ. Lẹ́yìn náà, mọ̀ọ́mọ̀ ba sákíìtì náà jẹ́: yọ Cc kúrò, yí M6 padà sí kékeré. Bí testbench kò bá pariwo, àtúnṣe ṣì kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbèsè

Bí a ṣe ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé sákíìtì yìí sàn ju tọ̀hún lọ ni ìdíyelé, èmi sì máa ń pè é ní gbèsè. Fún ààlà kọ̀ọ̀kan, bí sákíìtì bá ti kọjá rẹ̀, gbèsè jẹ́ òdo. Bí kò bá tíì kọjá, gbèsè jẹ́ ohun tó ṣẹ́ kù tí a pín sí ohun tí a fẹ́. A fẹ́ gain 60, ó ṣe 54: gbèsè 0.1. A fẹ́ 10 MHz, ó ṣe 7: gbèsè 0.3. Má jẹ́ kí gbèsè kan ju 1 lọ, kí ohun kan tó bàjẹ́ pátápátá má baà bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. VDS tí kò ju VDSAT lọ ní 50 mV náà ní gbèsè tirẹ̀, àyè náà ní tirẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń dá a pọ̀ rọrùn. Bí gbèsè bá ṣì wà, èsì jẹ́ 1 pẹ̀lú àpapọ̀ gbèsè. Bí gbogbo gbèsè bá ti tán, èsì jẹ́ agbára tí a pín sí 400 µW, èyí tí kò lè ju 1 lọ. Báyìí, sákíìtì tó pa gbogbo òfin mọ́ kò ní fìdí rẹmi lọ́wọ́ èyí tó rú ọ̀kan torí pé ìyẹn kì í jẹ iná. Ẹni tó bá fi agbára àti gbèsè pọ̀ sójú kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó kàn fọkàn yàn á máa yí òṣùwọ̀n náà títí alẹ́.

Àdánwò tó bá kùnà, bóyá ngspice ní "timestep too small", fún un ní gbèsè tó pọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n má fún un ní iye àìlópin tàbí NaN. Algọ́rídímù tó ń fi ìyàtọ̀ àárín èsì méjì ṣiṣẹ́ á kú síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: yan aṣàwárí

Ariwo pọ̀ lórí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Differential evolution tí Storn àti Price tẹ̀ jáde ní 1997 wà nínú SciPy, ó sì tó fún op-amp wa. CMA-ES dára bákan náà. Simulated annealing, tó gbajúmọ̀ láti 1983, ṣì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra. Bayesian optimization ni kí o mú bí àdánwò kan bá ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀, bíi ti àwọn sákíìtì ńlá bíi PLL tàbí ADC, torí pé ó máa ń ronú pẹ́ kó tó ná àdánwò kan. Nínú op-amp tí àdánwò rẹ̀ kò gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìrònú rẹ̀ á pẹ́ ju àdánwò lọ. Ní ti reinforcement learning, mo fẹ́ràn láti kà nípa rẹ̀. Èmi kò tíì rí ìdí láti lò ó fún sákíìtì kan ṣoṣo.

Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì ju orúkọ algọ́rídímù lọ. Jẹ́ kí W, kọ́ráǹtì àti Cc máa rìn lórí logarithm, nítorí pé láti 1 µm sí 2 µm jẹ́ ìrìn ńlá, láti 101 sí 102 kì í ṣe nǹkan kan. Fi ìṣirò ọwọ́ rẹ sí àárín àwọn tó máa kọ́kọ́ dán wò. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú seed (nọ́ńbà tó ń darí yíyàn aláìlétò) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì pàdé síbì kan náà, ọkàn á balẹ̀.

Pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún sákíìtì nínú ìran kan àti 60 ìran, àdánwò 6,000 ni, ìṣẹ́jú 50 lórí core kan. Lẹ́yìn rẹ̀, wo gbogbo iye tó lọ fẹ̀yìn ti ààlà. Iye tó bá fẹ̀yìn ti ààlà ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀: bóyá ààlà ló há jù, bóyá ohun kan wà tí o kò kọ.

Ìgbésẹ̀ keje: corner àti àìdọ́gba

Sákíìtì tó dára ní ipò tt nìkan kò tíì dára. Corner márùn-ún, ìyẹn tt, ff, ss, fs àti sf: lẹ́tà kìíní fún NMOS, èkejì fún PMOS, t jẹ́ déédéé, f yára, s lọ́ra. Ooru mẹ́ta, −40, 27 àti 125. Fọ́ltéèjì mẹ́ta, 1.62, 1.8 àti 1.98. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45. Bí o bá gbé gbogbo 45 sínú wíwá, ìṣẹ́jú 50 á di wákàtí 37 àti ààbọ̀.

Kò pọn dandan. Wá sákíìtì ní tt ná. Mú èyí tó borí, dán an wò ní gbogbo 45, kí o sì kọ corner tó burú jù fún ààlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Wọn kì í sábà ju mẹ́rin lọ, torí pé corner kan náà ló máa ń ba nǹkan méjì tàbí mẹ́ta jẹ́. Gbé mẹ́rin yẹn sínú wíwá, kí gbèsè jẹ́ ti èyí tó burú jù nínú wọn, tún wá, tún dán 45 wò. Bí corner tuntun bá yọjú, fi kún un.

Àìdọ́gba àwọn ìbejì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin tí Pelgrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1989 sọ pé ìyàtọ̀ fọ́ltéèjì ìbẹ̀rẹ̀ láàárín tiransísítọ̀ méjì ń dín kù bí gbòǹgbò onímejì W × L ṣe ń pọ̀ sí i. Ká ní òṣùwọ̀n PDK jẹ́ 5 mV·µm, tí M1 sì jẹ́ 5 µm lọ́nà 1 µm: sigma (bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń tàn ká tó) jẹ́ nǹkan bí 2.2 mV. Bí o bá fẹ́ ìdajì rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin àyè ni. Ìṣirò kékeré yìí kì í ná nǹkan kan, fi í sínú gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀. Monte Carlo gangan, àdánwò tó ń fi àìdọ́gba aláìlétò sínú sákíìtì, tó ń gba ọgọ́rùn-ún àdánwò lé ọgọ́rùn-ún, fi pamọ́ fún sákíìtì méjì tàbí mẹ́ta tó borí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: layout

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kìíní ni kí o kọ script tó ń ya layout gẹ́gẹ́ bí ìwọ fúnra rẹ ì bá ṣe yà á, kó máa gba W, L àti iye ẹ̀dà bí ohun tó lè yí padà. BAG tí wọ́n ṣe ní Berkeley gba ọ̀nà yìí, a sì lè fi Python inú KLayout ṣe é ní kékeré. Ọ̀nà kejì ni kí o fún ètò kan ní netlist kó wá ibi tí nǹkan á wà fúnra rẹ̀. ALIGN, tí Yunifásítì Minnesota, Texas A&M àti Intel jọ ṣe, ń gba netlist SPICE, ó sì ń fúnni ní GDSII, fáìlì layout tí a ń fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. MAGICAL láti Yunifásítì Texas ní Austin ń ṣe irú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ á tún sákíìtì kan náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà kìíní ni mo fara mọ́. Kíkọ script náà le, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú orí rẹ ló ń di ohun tó wà nínú fáìlì, kò sì ní sọnù mọ́. Bó bá jẹ́ sákíìtì oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gba ọ̀nà kejì, ṣùgbọ́n má gbé netlist lásán fún un. ALIGN ń gba òfin nínú fáìlì JSON, kọ wọ́n: M1 àti M2 á wà ní ìdọ́gba lápá òsì àti ọ̀tún, a ó pín wọn sí wẹ́wẹ́ kí a sì pa wọ́n pọ̀ kí àárín wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà, M3 àti M4 bákan náà, òrùka ààbò yí àwọn tó ń gba àmì ká. Nínú script tìrẹ, fi tiransísítọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àwọn ìbejì, kí àwọn tó wà létí má baà yàtọ̀ sí àwọn tó wà láàárín. Wáyà tó ń jáde láti M1 àti M2 náà gbọ́dọ̀ gùn bákan náà; òfin yìí ni mo rí i pé ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

Lẹ́yìn náà, DRC, àyẹ̀wò bóyá layout pa òfin ilé-iṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Netgen, títí á fi kọ "Circuits match uniquely". Kí o wá jẹ́ kí Magic fa kapásítọ̀ àìròtẹ́lẹ̀ jáde pẹ̀lú `extract all` àti `ext2spice cthresh 0`, kí o sì gbé netlist tuntun yẹn sínú testbench mẹ́ta kan náà, láìyí ohunkóhun padà nínú wọn.

Phase margin á já wálẹ̀, máa retí rẹ̀. Má lọ máa fọwọ́ sún wáyà. Wo àwọn ojú ìsopọ̀ tó gba kapásítọ̀ jù, pàápàá ìjáde ìpele kìíní, kí o kọ iye náà gẹ́gẹ́ bí kapásítọ̀ gidi sínú netlist tí aṣàwárí ń lò, kí o sì tún ìgbésẹ̀ kẹfà ṣe. Torí pé aṣàwárí ti mọ ẹrù tí layout máa gbé lé e báyìí, ìpàdé kejì sábà máa ń sún mọ́ra. Ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta, ó ti tó.

Kí o tó fi GDSII ránṣẹ́, jókòó ti op-amp tó borí, kí o sì ka gm/ID tiransísítọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí M1 ní 24 nínú sákíìtì tí ìṣirò ọwọ́ fi sí 12.6, wá ìdí rẹ̀ kí o tó gbà á. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà ti rí ohun tí ìwọ kò rí. Nígbà mìíràn, testbench slew ló dákẹ́ láti alẹ́ àná, tí kò sẹ́ni tó mọ̀.